Ojú Màmá Di Àwọ̀ Ewé

Ẹ bá mi yin Olúwa! Ọwọ́ méjèèjì ni kí ẹ gbé sókè o. Ìyá tó ń fi ọ̀kan di báàgì mú yẹn, kò sí olè níbí, àfi tí ẹ bá mọ ẹnì kan.

Ẹ mọ ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣómólú, níbi tí mo ti ń ṣe káàdì ìgbéyàwó àti pọ́sítà òkú. Láti ìgbà tí àwọn ṣọ́jà ti padà sí bárékè ni gbogbo èèyàn ti ń fẹ́ nǹkan tuntun: ìjọba tuntun, fóònù tuntun. Èmi náà bá ní kí Ẹnjiníà Kàmọ́rù fi ètò tuntun tó ń darí gbogbo iṣẹ́ kọ̀ǹpútà sínú kọ̀ǹpútà mi àtijọ́. Bó ṣe tàn án báyìí, lẹ́tà tóbi bí ilé. Mo ṣí àwòrán màmá kan tí wọ́n fẹ́ sin lọ́jọ́ kejì ní Ìlàjẹ, Bàrígà. Yéè! Ojú màmá ti di àwọ̀ ewé.

Ọmọ màmá, apẹja ni, ó dúró lẹ́yìn mi. Ó ní, "Màmá, ṣé ìyá mi rèé àbí èpò ọ̀sà? Tí pọ́sítà yìí ò bá jáde lónìí, ẹ̀yin la máa lẹ̀ mọ́ ògiri o."

Kàmọ́rù ń làágùn. Ó ní káàdì tó ń gbé àwòrán jáde nínú kọ̀ǹpútà ti dàgbà, àwọn tó ṣe é ò ṣe dráífà rẹ̀ fún ètò tuntun. Láìsí dráífà, káàdì àti kọ̀ǹpútà ò ní gbọ́ èdè ara wọn. Ó ní ká padà sí ètò àtijọ́, àmọ́ a gbọ́dọ̀ rí díìsìkì dráífà tó bá káàdì wá láti ọjọ́ kìíní. Díìsìkì wo? Mi ò rántí ibi tó wọlé sí.

Mo bá gbé òróró àdúrà.

Kàmọ́rù pariwo: "Màmá, ẹ má dà á sí i, iná wà níbẹ̀!"

Mo ní kó panu mọ́ kó máa ṣe àmín. Mùsùlùmí ni o, àmọ́ àmín tó ṣe lọ́jọ́ yẹn ju ti kọ́áyà wa lọ. Apẹja náà ti kúnlẹ̀.

Nígbà tí àdúrà parí, ọ̀fun mi gbẹ. Mo ṣí ìdérí ife tíì mi. Kàmọ́rù ké tòò: "Màmá, kí lẹ fi ń bo tíì?"

Díìsìkì ni! Ó rí róbótó, ó ń dán, láti ọjọ́ tí mo ti ra kọ̀ǹpútà ló ti ń bá mi lé eṣinṣin. A nù ún. Kàmọ́rù dá ètò àtijọ́ padà, ó ki díìsìkì bọ̀ ọ́. Màmá bá yọ, dúdú, ó ń dán, ó ń rẹ́rìn-ín. Ọmọ rẹ̀ fọwọ́ kan gíláàsì kọ̀ǹpútà, ó fi èdè Ìlàjẹ pe ìyá rẹ̀: "Iye mi rèé." Ó bú sẹ́kún. Ará, mo tẹ pọ́sítà náà jáde kí ilẹ̀ tó ṣú.

Àwọn tó ṣe káàdì ní ó ti gbó, àwọn ò mọ̀ ọ́n mọ́. Ọlọ́run tèmi ò sọ bẹ́ẹ̀ fún arúgbó kankan rí! Ẹ̀yin ìyá àgbà tó wà níwájú, ẹ dìde, ká jó! Kàmọ́rù rèé lẹ́yìn lọ́hùn-ún, ó ní òun kàn sìn mí wá ni. Ẹ bá mi ti ilẹ̀kùn, kó má sá lọ. Ògo ni fún Olúwa. Àwo ìjẹun ni mo fi ń bo tíì báyìí.