Bóòtù Tí Mo Yọ Lábẹ́ Bọ́ọ̀dù Ọ̀rẹ́ Mi

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì bínú sí mi títí ẹ ó fi kà á tán. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ti ń jẹ mí láti nǹkan bí ọdún méjì. Mi ò lè sọ ọ́ fún ìyá mi, mi ò lè sọ ọ́ nínú ìjọ, mi ò sì lè sọ ọ́ fún ẹni tí mo ṣẹ̀ gan-an. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ẹnikẹ́ni bá kan ilẹ̀kùn wa ní Ìbafò, àyà mi á já. Bí fóònù mi bá dún, màá kọ́kọ́ wo orúkọ ẹni tó ń pè kí n tó lè mí.

Ìdí tí mo fi ń sọ ọ́ báyìí ni pé Bọ́lá ti gbé bọ́ọ̀dù rẹ̀ wá fún mi pé kí n bá òun tún un ṣe. Bọ́lá kọ́ ni orúkọ rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́, mo kàn ń pè é bẹ́ẹ̀ níbí ni. Òun ni ọ̀rẹ́ tó sún mọ́ mi jù láyé. Lọ́jọ́ Sátidé tó ń bọ̀ ló máa wá gbà á, mi ò sì mọ ojú tí mo fẹ́ fi wò ó.

Bọ́ọ̀dù tí mò ń sọ yìí, síkéètì ni, pátákó gígùn tó ní táyà kéékèèké mẹ́rin, tí àwọn ọ̀dọ́ máa ń dúró lé lórí tí wọ́n á fi máa sáré lórí ọ̀dà. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín á ti máa sọ pé, obìnrin wo ló ń gun irú nǹkan bẹ́ẹ̀? Àwa ni. Àwa mélòó kan, lọ́kùnrin lóbìnrin, la máa ń pàdé ní Mówè, ní ẹ́síteètì kan tí wọ́n ti da ọ̀dà sí títì rẹ̀ ṣùgbọ́n tí ilé ò tíì pọ̀ níbẹ̀. Orí òkè ni títì náà ti bẹ̀rẹ̀, ó wá sọ̀ kalẹ̀ gẹ̀rẹ́ títí dé ibi tó ti yà sọ́tùn-ún.

Èmi ni mo máa ń tún bọ́ọ̀dù gbogbo wọn ṣe. Mẹkáníìkì ọ̀kadà ni bàbá mi ní Asese, ìdí sípánà ni mo dàgbà sí. Lábẹ́ bọ́ọ̀dù, irin méjì wà tí táyà wọ̀ sí lára, a ń pe ìyẹn ní tírọ́ọ̀kì. Bóòtù ńlá kan ló gba àárín irin yìí kọjá, rọ́bà sì yí bóòtù náà ká. Tí ẹ bá de nọ́ọ̀tì rẹ̀ le jù, bọ́ọ̀dù ò ní yà sọ́tùn-ún sósì. Tí ẹ bá dẹ̀ ẹ́ jù, á máa gbọ̀n tí eré bá ti pọ̀, á sì dà yín nù. Ẹni tó sanra àti ẹni tó pẹ́lẹ́ńgẹ́, rọ́bà wọn ò gbọdọ̀ le bákan náà. Mo mọ gbogbo rẹ̀, ẹ jọ̀ọ́. Ohun tó jẹ́ kí ẹ̀ṣẹ̀ mi wúwo nìyẹn, mi ò lè sọ pé mi ò mọ̀.

Wàhálà ibẹ̀ ni pé ojúlówó rẹ̀ kò sí ládùúgbò wa. Rọ́bà tó wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù tèmi, lára ṣọ́kù ọ̀kadà ni mo ti gé e. Bóòtù mi wá ti là fẹ́ẹ́rẹ́ lábẹ́ orí rẹ̀. Ẹ ní láti gbé e sún mọ́ ojú kí ẹ tó lè rí i, ṣùgbọ́n èmi ti rí i. Mo ti wá òmíràn dé Àgbàdó lọ́dọ̀ àwọn tó ń ta irin àlòkù, gbogbo èyí tí mo rí ló rọ̀ jù, ńṣe ló ń tẹ̀. Ìgbàkígbà tí mo bá gun bọ́ọ̀dù mi, mo máa ń rò ó pé bóyá òní ló máa já.

Ibi tí ọ̀rọ̀ wà nìyẹn tí ẹ̀gbọ́n Bọ́lá tó wà lókè òkun fi ní òun fẹ́ fi tírọ́ọ̀kì tuntun ránṣẹ́ sí i. Èmi ni Bọ́lá ní kí n bá òun yan èyí tó máa bá bọ́ọ̀dù òun mu. Mo fi téèpù télọ̀ wọn ìbú pátákó rẹ̀, mo ní kí wọ́n rí i pé irin náà ò fẹ̀ ju pátákó lọ, kó má sì kéré sí i. Bí mo ṣe ń wọ̀n ọ́n ni itọ́ ń dà lẹ́nu mi. Mò ń bá ọ̀rẹ́ mi yan nǹkan, inú ń bí mi pé kì í ṣe tèmi.

Nígbà tó dé, ó ń kọ mànà. Ihò kan la bóòtù àárín rẹ̀ já láti orí dé ìdí, kó lè fúyẹ́, síbẹ̀ ó le ju gbogbo èyí tí a ní lọ. Kò sí irú rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nínú wa. Bọ́lá kó gbogbo rẹ̀ fún mi. Ó ní, "Bá mi dè é jàre. Tí kì í bá ṣe ìwọ, mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án."

Mo gbé e délé, ojú kòkòrò sì mú mi. Mo yọ bóòtù tuntun kan nínú tirẹ̀, mo fi sí tèmi. Mo mú bóòtù mi tó ti là, mo fi sí tirẹ̀, mo wá fi gíríìsì dúdú kùn ún kó má baà hàn. Mò ń sọ fún ara mi pé fún ìgbà díẹ̀ ni, pé Bọ́lá ò wúwo, pé kì í sáré bíi tiwa, pé tí mo bá ti rí òmíràn màá dá tirẹ̀ padà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí gbọ́, mi ò fẹ́ kó ṣèṣe. Ṣùgbọ́n nǹkan tó ń bà mí lẹ́rù lábẹ́ ẹsẹ̀ tèmi ni mo gbé sábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo gbé e lọ fún un nílé wọn ní Mówè. Ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ̀ obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, jókòó ní fàráńdà tí wọ́n ń ṣa ẹ̀wà. Màmá Ifọ̀ la máa ń pè wọ́n, torí Ifọ̀ ni ilé baba wọn wà. Màmá yìí, tí ẹ bá kúnlẹ̀ kí wọn pẹ́rẹ́, òjò àdúrà tí wọ́n máa rọ̀ lé yín lórí, orúnkún yín á fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Èmi máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé ẹni tó bá ń kánjú kò gbọdọ̀ kí Màmá Ifọ̀.

Níjọ́ náà, wọ́n ṣàdúrà fún mi tán, wọ́n wo bọ́ọ̀dù tó wà lọ́wọ́ mi, wọ́n mi orí. Wọ́n ní, "Bọ́lá, nǹkan tí ẹ ń gùn kiri yìí, ṣọ́ra o. Ọjọ́ kan báyìí ló máa dá ọ lẹ́sẹ̀." Bọ́lá rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ẹ̀yin náà ẹ wá gùn ún, mà." Ìyá Bọ́lá wà lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n gbọ́. Èmi náà gbọ́.

Àṣà kan wà láàárín àwa tí a ń gun síkéètì ní Mówè. Ẹni tó bá de bóòtù ló máa kọ́kọ́ gun bọ́ọ̀dù náà sọ̀ kalẹ̀ lójú gbogbo wa kó tó fà á lé olówó rẹ̀ lọ́wọ́. Nígbà tí a dé orí títì lọ́jọ́ náà, tí wọ́n ní kí n gùn ún, mo bẹ̀rẹ̀ sí í wá àwáwí. Mo ní inú ń run mí, mo ní mo ti gùn ún wò ní Ìbafò. Ọ̀kan nínú wọn ní, "Rárá o, tẹ́sìtì ẹ̀ níwájú wa." Bọ́lá ló gbèjà mi. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ jàre. Ọwọ́ ẹ̀ dá mi lójú."

Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Bọ́ọ̀dù náà ni mo nà sí i.

Bọ́lá tí kì í sáré, inú rẹ̀ dùn sí nǹkan tuntun, ó gun orí òkè lọ pátápátá. Ó ń bọ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. Bó ṣe dé ibi tí títì ti yà, mo gbọ́ ìró kékeré kan bí ìgbà tí èèyàn dá igi gbígbẹ. Irin yọ, pátákó lọ lọ́tọ̀, Bọ́lá sì ṣubú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n sọ bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe rí. Igbe tó ké ṣì wà létí mi.

Gbogbo wọn sáré lọ gbé e. Èmi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo he orí bóòtù tó já nílẹ̀, mo fi sápò. Kí n tó di ọ̀rẹ́ mi mú ni mo ti fi ẹ̀rí pamọ́. Irú èèyàn wo nìyẹn?

Kò sẹ́ni tó bi mí ní nǹkan kan. Wọ́n ní iyanrìn ló wà lójú títì. Mo rò pé ọ̀rọ̀ tán síbẹ̀, àṣé ó kù. Ìyá Bọ́lá rántí ohun tí Màmá Ifọ̀ sọ láàárọ̀. Ẹ̀yin náà mọ bó ṣe máa ń rí láàárín wa: ìkìlọ̀ tó bá ṣẹ, wọ́n á ní èpè ni. Wọ́n gba àdúrà, ẹnì kan sì ríran pé inú ilé ni ọ̀tá wà. Bàbá Bọ́lá kọ́kọ́ bá wọn jà lórí ẹ̀, ṣùgbọ́n nígbà tó yá, ó rẹ àwọn náà. Wọ́n ní kí Màmá máa padà lọ sí Ifọ̀.

Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ẹrù wọn, mo wá kí Bọ́lá ni. Màmá rí mi, wọ́n di ọwọ́ mi mú níwájú ìyá Bọ́lá. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, ìwọ náà wà níbẹ̀. O gbọ́ mi. Ṣé mo ṣépè?"

Gbogbo wọn ń wo ẹnu mi. Mo rò ó pé tí mo bá ní rárá, wọ́n á bi mí pé kí ló wá dá a lẹ́sẹ̀. Mo ní, "Mi ò mọ̀, mà." Màmá fi ọwọ́ mi sílẹ̀.

Ẹ jọ̀ọ́, bóòtù tí mo jí, mo lè máa sọ pé ojú kòkòrò ni. Èyí, mi ò mọ orúkọ tí mo lè pè é.

Látìgbà yẹn, mo di ọmọ ilé Bọ́lá. Mo ń fọ aṣọ rẹ̀, mo ń gbé e lọ sí ọsibítù, mo ń bá a ṣeré kó má baà sunkún. Ìyá rẹ̀ ń sọ fún àwọn èèyàn pé ọ̀rẹ́ bíi tèmi ju ẹbí lọ. Bí wọ́n bá ti sọ bẹ́ẹ̀, ńṣe ni mo máa ń dìde lọ fọ abọ́. Mò ń rántí pé bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Mo wá ń wò ó pé ọjọ́ wo ni.

Bọ́lá ti ń rìn báyìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń tiro díẹ̀ tí òtútù bá mú. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó gbé bọ́ọ̀dù náà wá fún mi nínú àpò ìrẹsì. Ìyá rẹ̀ ti fẹ́ sun ún tẹ́lẹ̀, ó kọ̀. Ó ní, "Tún un ṣe fún mi. Mi ò lè jẹ́ kí ẹ̀rù máa darí mi títí ayé."

Ó rọrùn gan-an. Bóòtù rẹ̀ tó nihò wà lábẹ́ bọ́ọ̀dù tèmi. Tí mo bá dá a padà sáàyè rẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀ láéláé. Mo tiẹ̀ ti mú sípánà, mo ti tú u. Ìgbà yẹn ni ọkàn mi lọ sọ́dọ̀ Màmá. Mo rò pé tí mo bá lọ wò wọ́n, tí mo sì bá wọn nínú àlàáfíà, ara máa tù mí, màá sì lè dákẹ́.

Mo ra búrẹ́dì, mo lọ sí Ifọ̀. Mo bá wọn nínú ilé baba wọn, àwọn nìkan ní ọ̀ọ̀dẹ̀, wọ́n ti rù. Mo kúnlẹ̀, mo kí wọn, mo tẹrí ba de òjò àdúrà tí mo mọ̀.

Òjò ò rọ̀. Wọ́n gbé ọwọ́ lé mi lórí, wọ́n sì pa ẹnu dé. Mo ní, "Màmá, ẹ ò ṣàdúrà fún mi?"

Wọ́n ní, "Rárá, ọmọ mi. Mi ò ṣàdúrà fún ọmọ ọlọ́mọ mọ́. Mi ò mọ ohun tó wà lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ àdúgbò ń kí mi, mo kàn ń mi orí sí wọn ni."

Mo fẹ́ sọ ọ́ níbẹ̀. Mo la ẹnu. Àwọn ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀. Wọ́n ní, "Mo ti rò ó, bóyá lóòótọ́ ni. Bóyá ẹnu mi ló ṣe é. Tí o bá padà dé Mówè, bá mi bẹ Bọ́lá. Sọ fún un pé mi ò mọ̀ ọ́n mọ̀ ṣe é."

Mo ní, "Màá jẹ́ ẹ fún un, mà." Ẹ̀rù gbé ìyókù ọ̀rọ̀ mì. Mo sunkún nínú ọkọ̀ tó gbé mi padà débi pé ìyá tó jókòó tì mí ń bi mí pé ta ló kú.

Bóòtù méjèèjì wà níwájú mi lórí tábìlì bí mo ṣe ń kọ èyí, èyí tó nihò àti èyí tó já. Mò ń bẹ̀rù ọlọ́pàá. Mò ń bẹ̀rù ẹ̀gbọ́n Bọ́lá, mò ń bẹ̀rù ojú ìyá rẹ̀. Èyí tí mo bẹ̀rù jù ni kí Bọ́lá wò mí bí ẹni tí kò mọ̀ mí rí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gbé irú ẹrù báyìí rí, ta ni kí n kọ́kọ́ lọ bá? Ṣé Bọ́lá ni, àbí Ifọ̀ ni kí n kọ́kọ́ gbà, kí n lọ sọ fún Màmá pé ẹnu wọn mọ́? Tí mo bá sọ ọ́, ṣé wọ́n á tún lè ṣàdúrà fún ẹnikẹ́ni?

Ẹ gbà mí nímọ̀ràn kí Sátidé tó dé, ẹ jọ̀ọ́. Iṣẹ́ tí Màmá rán mi sí Bọ́lá ṣì wà lọ́wọ́ mi, mi ò tíì jẹ́ ẹ. Èmi tó yẹ kí n kúnlẹ̀ bẹ àwọn méjèèjì ni Màmá rán pé kí n bá wọn bẹ̀bẹ̀.