Ìkòkò Tó Ń Lọ sí Malta

Tọkọtaya kan tó ń lọ sinmi ní erékùṣù Malta ló wà níwájú mi ní pápákọ̀ òfuurufú O'Hare, níbi tí wọ́n ti ń wọn ẹrù.

“Ìyá Àìṣá, ogún yúrò fún oúnjẹ ẹnì kan! Tí mo bá ti sọ ọ́ di náírà, kò lè lọ lọ́fun mi. Ìdí tí mo fi di ìkòkò àti gààrí nìyẹn.”

“Ta ló máa wá sè é, Àlàájì? Ṣebí torí kí n lè sinmi ni mo ṣe ń ṣe double shift, iṣẹ́ ọ̀sán mọ́ ti alẹ́.”

Òṣìṣẹ́ tó ń wọn ẹrù ní àpótí wọn ti wúwo jù, ọgọ́rùn-ún dọ́là ni wọ́n máa san lé e.

Ìyàwó rẹ́rìn-ín. “Àlàájì, ẹrù yín ti jẹun ṣáájú wa.”

Ọkọ ṣí àpótí, ó yọ ìkòkò. Mo bá obìnrin náà dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run.