Kọ́ọ̀pù Ọlọ́dà Pupa

Ògo! Ẹ̀yin ará, ẹ bá mi fi ògo fún Ọba tó ṣàánú ẹni tí kò yẹ. Ẹ tún un wí, ògo ni fún Olúwa. Ẹ ṣeun, ẹ jókòó.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Màmá Dúpẹ́ tó ń kọ́ àwọn obìnrin ní Bíbélì lọ́jọ́rú. Ẹ sì mọ̀ pé ẹnu mi kì í gbélé. Ẹnu yẹn gan-an ni mo fẹ́ fi tú àṣírí ara mi lónìí, kí n tó sọ oore tí Ọlọ́run ṣe.

Gbogbo wa la mọ ilé kafé tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ gáréèjì níbí ní Ìlaròó. Alhaja tó ni ín ti gbé Kùtọnu rí, ìdí nìyẹn tó fi ń pe kọfí ní kafé, tí àwa náà fi ń pè é ní Ìyá Kafé. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí bọ́dà ni àwọn dẹ́rẹ́bà ti ń kún ibẹ̀. Kọ́ọ̀pù funfun onítánganran ló ń lò. Oníbàárà kọ̀ọ̀kan ló ní tirẹ̀ tó fi kọ́ sára ìṣó, pẹ̀lú orúkọ rẹ̀. Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra búrẹ́dì, mo rí i pé wọ́n fi ọ̀dà kun ìdí àwọn kọ́ọ̀pù náà, òmíràn pupa, òmíràn dúdú, òmíràn aláwọ̀ ewé. Mo bi dẹ́rẹ́bà kan tó ń jẹ́ Séfíù pé kí nìyẹn. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Ẹ̀jẹ̀ wa ni, Màmá.” Ẹ̀jẹ̀ kẹ̀? N kò dúró gbọ́ ìyókù.

Lọ́jọ́rú tó tẹ̀lé e, mo sọ fún àwọn obìnrin wa pé ẹgbẹ́ awo ni wọ́n ń ṣe níbẹ̀. Ẹ sì gbà mí gbọ́. Àwọn tó ń ra búrẹ́dì ọmọ wọn níbẹ̀ pàápàá yà kúrò.

Kò pé oṣù mélòó kan, Dúpẹ́ ọmọ mi lọ bímọ ní ọsibítù. Àárọ̀ ni. Ọmọ jáde, ó ké, a dúpẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kò dá lára ìyá rẹ̀. Dókítà pè mí síta, ó ní, “Màmá, a ti rí ẹ̀jẹ̀ yẹn dá dúró, àmọ́ èyí tó ti dà nù pọ̀ jù. A ò ní irú tirẹ̀ nílẹ̀. Ẹ wá èèyàn méjì wá, ẹ má jẹ́ kó pẹ́.” Mo ní kí wọ́n fa tèmi. Wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kò bá tirẹ̀ mu. Ọkọ rẹ̀ wà lÉkòó, kò tilẹ̀ mọ̀ pé ìyàwó òun ti bí. Mo sunkún, ẹ̀yin ará, èmi tí mo máa ń sọ fún yín pé ẹkún kì í ṣe àdúrà.

Nọ́ọ̀sì kan fọwọ́ kàn mí léjìká. “Màmá, kí lẹ ń dúró ṣe? Ẹ sáré lọ bá Ìyá Kafé. Ọ̀dà pupa ni kí ẹ béèrè.”

Mo ní, “Ọ̀dà kí ni?”

Ó ní, “Ọkọ Ìyá Kafé ní jàǹbá mọ́tò lọ́nà Òkè-Ọ̀dàn, a ò rí ẹ̀jẹ̀ fún un, ó kú. Látìgbà yẹn ló ti ń pè wá wá sí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ nínú oṣù. Ẹni tó bá jẹ́ ká gún òun níka láti mọ irú ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni kafé rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Àwọ̀ ọ̀dà yẹn la fi ń dá ẹ̀jẹ̀ wọn mọ̀, torí àwọn tí kò mọ̀wé.” Mo sáré lọ béèrè ọ̀dà pupa.

Oṣù ààwẹ̀ àwọn Mùsùlùmí ni, ṣọ́ọ̀bù náà dá. Ìyá Kafé kò bi mí ju orúkọ ọmọ mi lọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí kọ́ọ̀pù dà. “Pupa. Eléyìí ti lọ sí Ìmẹ̀kọ. Pupa. Ọmọ Pólì ni, ẹ lọ pè é wá. Pupa. Séfíù, dìde.”

Séfíù dìde lórí bẹ́ǹṣì, ó wò mí. “Ṣé Màmá tó ní à ń ṣe awo kọ́ nìyí?”

Mo ní, “Èmi ni.”

Ó ní, “Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lọ. Tó bá yá, ẹ ó máa bú wa lọ.”

Ní ọsibítù, wọ́n fa ti ọmọ Pólì. Ó wá kan Séfíù. Nọ́ọ̀sì bi í pé kí ló jẹ, ó ní òun gbààwẹ̀. Nọ́ọ̀sì ní, “Rárá o. A kì í fa ẹ̀jẹ̀ lára ẹni tí inú rẹ̀ ṣófo, ẹ ó dákú mọ́ wa lọ́wọ́.” Ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́? Ìyá Kafé ti tẹ̀lé wa pẹ̀lú fúláàsì, búrẹ́dì àti kọ́ọ̀pù Séfíù. Ó da kafé sínú kọ́ọ̀pù náà, ó gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ Séfíù. Séfíù gbé e. Ó ní, “Mo lè san ọjọ́ ààwẹ̀ padà. Ta ló lè san ìyá ọmọ padà?” Ó ṣe Bísímílà, ó mu ún, ó sì fi jẹ búrẹ́dì.

Kó tó di àṣálẹ́, ẹ̀jẹ̀ àwọn méjèèjì ti wọ ara ọmọ mi. Ó lajú, ó ní, “Màmi, ẹ fún mi lómi. Ọmọ mi ńkọ́?” Olúwa, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́, mo tún ọpẹ́ dá. Ẹ wò ó lẹ́yìn lọ́hùn-ún, òun ló pọn ọmọ yẹn.

Mo lọ kúnlẹ̀ fún Ìyá Kafé. “Alhaja, mo bà yín lórúkọ jẹ́.” Ó ní, “Ó ti tó mi létí tipẹ́. Kóró ṣúgà mélòó lẹ ń fi sí kafé?” Ó sì fà mí dìde. Nígbà tí ọdún ààwẹ̀ kọjá, tí Séfíù fẹ́ san ọjọ́ kan tó jẹ, mo ní kó sọ ọjọ́ náà fún mi. Èmi náà gbààwẹ̀. Nígbà tí oòrùn wọ̀, a jọ ṣínu ní ilé kafé.

Ìwọ tí o wà nínú ìṣòro, má sọ̀rètí nù, Ọlọ́run tó gbọ́ tèmi ń gbọ́ tìrẹ. Àmọ́ ṣọ́ra fún ilẹ̀kùn tí o ń tutọ́ sí, ibẹ̀ lè jẹ́ ibi tí ìrànwọ́ rẹ máa gbà jáde. Ẹ̀yin obìnrin tí mo lé kúrò níbẹ̀, ẹ forí jì mí. Ní Jímọ̀ àkọ́kọ́ tó ń bọ̀, ẹ jẹ́ ká jọ lọ fi ìka sílẹ̀. Ẹ ṣeun tí ẹ gbọ́ mi, ọpẹ́ ni fún Olúwa. Tí ẹ bá sì débẹ̀, ẹ wo ìṣó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Séfíù. Kọ́ọ̀pù mi ló wà níbẹ̀. Ẹ yí i dà, ẹ ó rí ọ̀dà aláwọ̀ ewé nídìí rẹ̀.