M.Ed. Lẹ́nu Géètì
Ní ìsọ̀ ẹni tó ń kọ pátákó ní Apple Junction, mo gbọ́ ọ̀rọ̀ tọkọtaya àgbàlagbà kan tí pátákó orúkọ géètì wọn kò gùn tó láti gba M.Ed., oyè ẹ̀kọ́ gíga tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ gbà ní yunifásítì lẹ́ni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́ta.

Ìyá ní, "Dádì, ẹ jẹ́ kí wọ́n yọ M.Ed. yẹn. Ta ló fẹ́ kà á?"

"Èmi tí mò ń ṣí géètì! Bọ̀dá, ẹ bá mi pa 'Chief' tó wà níwájú orúkọ mi rẹ́."

"Háà! Oyè yín ńkọ́?"

"Wọ́n fi tèmi ta mí lọ́rẹ ni. Ìwọ jókòó ṣèdánwò gba tìẹ ni."

Gbólóhùn yẹn ṣì ń dùn mọ́ mi létí. Ìyá rẹ́rìn-ín títí, ó wá kọjú sí ẹni tó ń kọ pátákó: "Bọ̀dá, àmì ìdúró méjì ló wà nínú M.Ed. mi o. Ẹ má jẹ́ kí ọ̀kan sọnù!"