Ìwádìí Tí Mo Rán Ọ Lọ́dọ̀ Ará Rọ́ṣíà

Rẹ̀mílẹ́kún, gbé jẹ́sì yẹn kúrò lórí àga mi kí n tó fà á ya. Àbúrò mi tí mo rán níṣẹ́ ìwádìí, ìwádìí ọkọ àfẹ́sọ́nà Mọ́tọ́lá, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, o dé ilé ọkùnrin náà ní Lilburn, o jókòó, o jẹ bisikíìtì, o wá gba jẹ́sì tó fọwọ́ sí bọ̀ wálé, o ní Arkady dára. Ó dára báwo? Jọ̀ọ́, má bí mi nínú.

Ó ní òun ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì! Bàbá wa fi ọdún márùndínlógójì kọ́ni ní Ìlá kí wọ́n tó fún wọn ní lẹ́tà ìfẹ̀yìntì, èyí, eyín iwájú rẹ̀ mẹ́ta ló ti ṣáájú rẹ̀ fẹ̀yìn tì. Ó ní họ́kì orí yìnyín lòun gbá, forward lòun, iṣẹ́ òun ni kóun gbá góòlù wọlé. Ọdún méjìlá, góòlù mọ́kàndínlógún! Kí ló wá ń ṣe níwájú látọjọ́ yìí, ó ń wo ojú ọjọ́ ni?

Mo ní kí Jìmí ọmọ rẹ bá mi wò ó lórí fóònù. Hẹn-ẹn. Fídíò mẹ́rìnlá, góòlù kan ò sí níbẹ̀, ìjà ni gbogbo rẹ̀. Á ju igi ọwọ́ rẹ̀ nù, á di ọmọ ọlọ́mọ láṣọ mú, á máa da ẹ̀ṣẹ́ bò ó, àwọn èrò á máa pàtẹ́wọ́. Wọ́n á lọ fi í jókòó sínú àpótí kan bí ọmọ jéléósinmi, tó bá di ìṣẹ́jú márùn-ún á tún jáde. Jìmí ní Aunty, torí ìyẹn gan-an ni wọ́n ṣe gbà á síṣẹ́. Iṣẹ́? Ẹni tó ń lu ènìyàn jẹun!

Ìwọ, o ò béèrè. O bi í bóyá àrùn wà nílé wọn, o bi í bóyá ó lè jẹ ata. Ata, Rẹ̀mílẹ́kún! Mọ́tọ́lá ní ojú mi ò là, pé eré ni, pé ọkùnrin náà ò lè pa eṣinṣin. Bẹ́ẹ̀ náà ni mo sọ fún màmá wa nípa bàbá Mọ́tọ́lá. Ìwọ lo wá kó ẹrù mi lọ́jọ́ yẹn, o rí bí ojú mi ṣe rí. Ẹ̀rù ń bà mí, mi ò ní í purọ́ fún ọ.

Má jókòó. Ìyàwó tí Arkady kọ́kọ́ fẹ́ wà ní Dacula, Mọ́tọ́lá fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò rẹ, lọ bá a. Ìbéèrè kan péré ni kó o bi í: lọ́jọ́ tí wọ́n bá na ẹgbẹ́ wọn, tí Arkady bá délé, ta ló máa ń lù?