Owó Títà Ni Mo Pè Ní Owó Ilé

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ṣì ń gbàdúrà fún mi láràárọ̀, ohun tó ń pa mí kú lọ gan-an nìyẹn. Bí wọ́n bá bú mi, bí wọ́n bá lé mi jáde, ara ì bá tù mí. Ṣùgbọ́n wọn ò mọ̀. Èmi nìkan ni mo mọ ohun tí mo ṣe.

Iléeṣẹ́ kan ní Àgídìngbì ni mo ti ń ṣiṣẹ́ ìṣirò owó. Wọ́n ń gba owó lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ èèyàn, wọ́n fi ń ra ilé ìkẹ́rùsí ńláńlá, wọ́n ń fi í háyà, wọ́n sì ń pín owó ilé tó bá wọlé fún àwọn tó dáwó. Èmi ni mo ń kọ ìwé ọdọọdún tó ń sọ bí àwọn ilé náà ṣe ń ṣe sí: ẹ ka owó ilé tó wọlé, ẹ yọ owó àtúnṣe, ti ọlọ́dẹ àti ti dísù tí jẹnẹrétọ̀ ń mu kúrò, ohun tó bá ṣẹ́kù ni èrè. Nígbà tí dísù gbówó lórí, àwọn tó ń ṣe bísíkíìtì kó kúrò nínú ilé wa tó tóbi jù ní Ọgbà. Ọdún yí po, kò sẹ́ni tó gbà á. Ni ọ̀gá wa bá ta òmíràn nínú àwọn ilé náà. Ó pè mí, ó ní, "Mádàámù, ẹ da owó títà yẹn pọ̀ mọ́ owó ilé." Mo ní, "Sà, ilé tá a ti tà ò lè pa owó wọlé mọ́ lọ́dún tó ń bọ̀. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ lọ́tọ̀." Ó rẹ́rìn-ín. "Àbí iṣẹ́ ti sú yín ni?" Mo ro ti owó iléèwé àwọn ọmọ mi, mo dà á pọ̀. Lọ́dún tó tẹ̀lé e, a tún ta òmíràn, mo tún dà á pọ̀. Àgbẹ̀ tó ń ta oko rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó ń pè é ní owó ìkórè, ṣé kò mọ̀ pé ebi ń bọ̀ ni?

Àsìkò yẹn gan-an ni ẹ̀gbọ́n mi fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Wọ́n wá bá mi nílé ní Ìfakọ̀, wọ́n mú ìwé tí mo kọ dání. "Àbúrò mi, èrè yìí mà pọ̀ o! Ṣé kí n kó owó ìfẹ̀yìntì mi síbẹ̀?" Áà! Bí mo bá ní kí wọ́n má kó o síbẹ̀, wọn á bi mí nídìí rẹ̀. Mo kàn ní, "Ó dáa, mà." Gbólóhùn kan péré!

Ilé tó ṣeé tà tán. Owó pípín dúró, wọ́n ti ọ́fíìsì pa, ọ̀gá wa ò gbé fóònù mọ́. Ẹ̀gbọ́n mi kó kúrò nínú ilé oníyàrá mẹ́ta lọ sí yàrá kan ní Agége. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tó yẹ kí wọ́n máa lò lójoojúmọ́, wọ́n ń fi ọ̀bẹ gé e sí méjì kó lè pẹ́. Ojú mi ló ṣe. Mo bú sẹ́kún, wọ́n sì ń rẹ̀ mí lẹ́kún: "Àwọn ìkà yẹn tan ìwọ náà jẹ ni. Ọlọ́hun á dá wa láre."

Ní báyìí, àwọn tó dáwó ti gba lọ́yà. Ẹ̀gbọ́n mi ti sọ fún gbogbo wọn pé èmi ni màá wá jẹ́rìí ta ko ọ̀gá wa, pé èmi ò mọ nǹkan kan nípa jìbìtì náà. Ọjọ́bọ̀ tó ń bọ̀ yìí ni ìpàdé. Bí mo bá purọ́, mo tún fi irọ́ lé irọ́ nìyẹn. Bí mo bá sọ òótọ́, níṣojú àwọn tí wọ́n ti fi mí yangàn fún ni ìtìjú yóò ti bá ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀rù sì ń bà mí nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru yẹn. Ṣé kí n kọ́kọ́ lọ kúnlẹ̀ níwájú wọn ní Agége ni? Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀? Ẹ̀yin tí ẹ ti ṣẹ irú ẹ̀ṣẹ̀ yìí rí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn. Ọjọ́ mẹ́rin ló kù.