Ojú Kan Tí Ó Ṣẹ́kù fún Àdùkẹ́

Ẹ bá mi gbé ohùn sókè, ìjọ Ọlọ́run! Ògo ni fún Ẹni tí kò jẹ́ kí òkùnkùn gba ojú ìyàwó mi méjèèjì! Halelúyà! Ẹ tún un hó, ẹ má jẹ́ kí ó rẹ̀ yín! Àdùkẹ́ mi ń rí mi níbi tí mo dúró sí yìí. Ojú kan ni ó fi ń rí mi. O ṣeun, Olúwa.

Kí n tó bọ́ síwájú, bàbá Alàgbà wa fà mí lápá lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní, “Ọ̀gá, ẹ jẹ́rìí ojú tó là. Ẹ má wulẹ̀ mẹ́nu kan ọ̀rọ̀ owó, kí ìjọ má baà dàrú.” Mo bọ̀wọ̀ fún yín, bàbá. Ṣùgbọ́n bí mo bá gé ìdajì ẹ̀rí yìí dànù, irọ́ ni mo wá pa níwájú Ọlọ́run.

Gbogbo yín ni ẹ mọ̀ mí. Iṣẹ́ olùkọ́ ni mo ṣe títí mo fi di ọ̀gá àgbà ilé ẹ̀kọ́ girama kan ní Òkukù. Nínú ṣọ́ọ̀ṣì yìí, ní Ìkìrun níbí, ni a ti ṣe ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì mi. Àdùkẹ́ ni ó rán sùtánà tí mo wọ̀ lọ́jọ́ náà, gẹ́gẹ́ bí ó ti rán ti ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí. Ọjọ́ ayọ̀ ni. Ọjọ́ náà gan-an ni Arákùnrin Bùsúyì wọ inú ayé wa.

Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa, nítorí bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyí. Kò sí ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì kan láti Òkukù títí dé Ìnísà tí kì í dé. Ó mọ̀ pé ẹni tí ó bá ń ṣe irú ìdúpẹ́ bẹ́ẹ̀ ti gba gírátúítì, tàbí ó kù díẹ̀ kí ó gbà á. Yóò gbé aago ògiri wá, orúkọ yín yóò sì wà lára rẹ̀. Yóò dọ̀bálẹ̀ gbalaja. Yóò bẹ àwọn àgbà ìjọ pé kí wọ́n jẹ́ kí òun kí bàbá kú oríire. A sì fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Nínú ilé Ọlọ́run!

Ó ní, “Ẹ̀yin bàbá àti ìyá mi, ẹ ti gba ààbọ̀ owó oṣù rí. Ẹ ti dúró de owó oṣù tí kò dé. Àpò ìdókòwò tí mo mú wá yìí, lóṣooṣù ni yóò máa sanwó fún yín. Kò sí ìdádúró, kò sí ìyanṣẹ́lódì.”

Ẹ̀yin ará, ibẹ̀ ni ó ti mú wa. Àwa tí a ti fi gbogbo ọjọ́ ayé wa retí òpin oṣù, ohunkóhun tí ó bá ti ń wọlé lóṣooṣù, owó oṣù ni lójú wa. A kì í béèrè ibi tí ó ti ń wá. Èmi ṣáà béèrè díẹ̀. Mo ní, “Kí ni ẹ ń fi owó náà ṣe gan-an?”

“Bàbá, ìpín nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ńláńlá ni à ń rà. Òyìnbó ń pe ọ̀nà tí à ń gbà ṣe é ní kọ́fáàdì kọ́ọ̀lù. Ẹ má fi ìyẹn da ara yín láàmú. Ẹ̀yin ẹ ṣáà máa jẹun.”

Mo kó gírátúítì mi fún un. A sì jẹun. Bí fóònù mi bá ti dún ní òpin oṣù, n ó kígbe pé, “Àdùkẹ́, owó oṣù ti dé!” Òun náà yóò dáhùn láti ìdí máṣíìnì ìránṣọ rẹ̀: “Ẹ káre, tíṣà tí ìjọba kò lè jẹ ní gbèsè mọ́! Ó yá, ẹ fowó ẹran sílẹ̀ kí inú mi tó bàjẹ́.” A ń rẹ́rìn-ín nígbà náà.

Nígbà tí ó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pè mí kí n wá bá òun ki òwú bọ abẹ́rẹ́. Mo fi ṣe yẹ̀yẹ́: “Arúgbó ti ń dé, Màmá Fúnmi.”

“Arúgbó wo? Iná ilé yín ni kò mọ́lẹ̀.”

Kì í ṣe iná. Dókítà wo ojú rẹ̀ ní Òṣogbo, kò sì bá wa ṣàwàdà. Ó ní, “Màmá, omi ń kóra jọ sínú ojú yín méjèèjì, ó sì ń tẹ iṣan tí ẹ fi ń ríran. Iṣẹ́ abẹ ni ó kàn. Ẹ má jẹ́ kí ó pẹ́. Èyí tí ó bá lọ, a kò lè dá a padà.”

Owó iṣẹ́ abẹ náà wà. Inú àpò Bùsúyì ni ó wà. Mo pè é.

“Ha, bàbá, ẹ má yọ ọ́ báyìí! Ọjà ìpín ṣẹ̀ṣẹ̀ wálẹ̀ ni. Bí ẹ bá yọ ọ́ lónìí, ẹ ti pàdánù. Ẹ ní sùúrù. Bí ọjà bá gòkè, tiyín náà á gòkè.”

“Bùsúyì, ojú ìyàwó mi ni mo fẹ́ fi tọ́jú.”

“A ó máa fi ojú màmá sínú àdúrà, sà.”

Ẹ gbọ́ bí? Ó fi àdúrà dí mi lẹ́nu! Mo bi Àdùkẹ́ léèrè. Ó ní, “Ẹ̀yin lẹ kàwé. Mo ṣì ń rí yín. Ẹ jẹ́ ká dúró díẹ̀.” A dúró. Ìdúró yẹn ni mo ń kábàámọ̀ títí di òní.

Ọjà gòkè! Inú ọkọ̀ ni mo wà, mo ń ti Eko Ende bọ̀, nígbà tí mo gbọ́ ọ lórí rédíò: ìpín àwọn ilé-iṣẹ́ ti padà sí ibi tí wọ́n wà tẹ́lẹ̀, wọ́n tilẹ̀ ti kọjá ibẹ̀. Mo dúpẹ́ lójú gbogbo èrò ọkọ̀. Mo ṣí fóònù mi wo iye tí owó wa dé. Tiwa kò kúrò nílẹ̀. Bùsúyì ní, “Ó ń bọ̀, bàbá. Ó kù díẹ̀.” A tún dúró.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, Àdùkẹ́ ń bu ògì gbígbóná, ó sì dà á sórí tábìlì. Mo ní, “Kọ́ọ̀bù nìyí.” Ó ní, “Níbo?” Ọwọ́ òsì rẹ̀ ni ó wà. Ẹ̀yin ará, ojú òsì ti lọ.

Èmi àti Fúnmiláyọ̀, àkọ́bí wa tí ó ń ṣiṣẹ́ ní Ìbàdàn, kọjá sí ọ́fíìsì àwọn Bùsúyì tààrà. Ọ̀gá wọn wò wá, ó ní, “Ṣé Bùsúyì kò ṣàlàyé fún yín ni? Sà, bí kọ́fáàdì kọ́ọ̀lù ṣe rí nìyí: a ní ìpín lọ́wọ́. A wá gba owó lọ́wọ́ àwọn ẹlòmíràn, pé bí iye rẹ̀ bá gòkè kọjá ibi báyìí, àwọn ni wọ́n ni èrè rẹ̀. Owó tí a gbà yẹn ni a fi ń san ti oṣooṣù yín.”

Fúnmi ní, “Bí ó bá wá wálẹ̀ ńkọ́?”

“Ti ẹni tí ó kówó sínú àpò ni.”

“Ìyẹn ni pé bàbá mi ni ó ni wíwálẹ̀, ẹlòmíràn ni ó ni gígòkè?”

Ó wúkọ́. “Bẹ́ẹ̀ náà ni, mà.”

“Bí owó tí ẹ gbà kò bá wá tó èyí tí ẹ fẹ́ san?”

“A máa ń mú díẹ̀ kún un láti inú owó tí ẹ kó wá.”

Olúwa ṣàánú! Ẹran tí a fi ń ṣàwàdà yẹn, gírátúítì mi ni wọ́n ń gé fún mi jẹ. Èrè tí wọ́n sì ti tà fún ẹlòmíràn ni Bùsúyì ní kí n dúró dè. Ó mọ̀. Mi ò sọ pé òwò náà lòdì sí òfin. Ó lè wúlò fún ẹni tí ó mọ ohun tí ó ń rà. Ohun tí mo ń pè ní ìkà ni pé wọ́n fi wé owó oṣù fún wa, wọ́n sì fi ìyókù pamọ́, nígbà tí mo sọ fún wọn pé ojú ènìyàn ń kú lọ.

Mo ní kí wọ́n dá gbogbo ohun tí ó kù padà. Ó tó fún iṣẹ́ abẹ ojú ọ̀tún. Kò tó fún ohun mìíràn. Ṣùgbọ́n ó tó, halelúyà! Nígbà tí dókítà ṣí báńdéèjì náà, ó ní, “Màmá, kí ni ẹ rí?” Àdùkẹ́ wò mí títí. Ó ní, “Ọkọ mi ni. Kò mà fá irùngbọ̀n láti ọjọ́ tí a ti dé ibí!” Dókítà ń rẹ́rìn-ín, èmi ń sunkún. O ṣeun, Olúwa! O ṣeun, O ṣeun!

Kí ló dé tí mo fi ń sọ ọ́ lónìí? Lọ́sẹ̀ tó kọjá, níbi ìdúpẹ́ ìfẹ̀yìntì nọ́ọ̀sì kan ní Ìnísà, mo rí Bùsúyì. Ó gbé aago ògiri dání. Ẹ̀yin àgbà ìjọ, mo bẹ̀ yín, ẹ má fún un ní ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́. Ẹ̀yin tí owó yín wà níbẹ̀, ẹ lọ bi wọ́n ní gbangba pé ta ni ó ni gígòkè. Ẹ má tijú. Ẹ̀yin tí ẹ sì wà nínú irú ìdààmú tí a ti jáde yìí, ẹ má sọ̀rètí nù. Ọlọ́run tí ó dá ọ̀kan sí fún wa lè dá gbogbo tiyín sí. Ṣùgbọ́n bí dókítà bá ní ẹ má pẹ́, ẹ má pẹ́.

Àdùkẹ́ ni ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́hùn-ún. Mo mọ̀ pé ẹ ó fẹ́ kí i lẹ́yìn ìsìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gba ọwọ́ òsì rẹ̀ yọ sí i. Ẹ bọ́ sí ọ̀tún, kí ó lè rí ẹni tí ń bá a yọ̀.